Ta Ló Kọ́kọ́ Gúnlẹ̀ sí Ìdí-Àgbọn?

Láti èbúté Ìdí-Àgbọn, àwọn ilé gíga Lẹ́kkí máa ń dà bí ẹni pé wọ́n léfòó lórí ọ̀sà. Mo lè máa wò wọ́n títí oòrùn á fi wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, n kò ráyè. Àwọn ọmọ erékùṣù wa tó ń gbé ní Jákàńdè àti Ajah ń bọ̀ wálé ní Sátidé, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wa dó.

Ìtàn ọ̀hún gan-an ni ìjà. Bàbá Yísà, tí wọ́n ń hun àwọ̀n létí omi, ní Ọdúnjọ, bàbá ńlá àwọn, ló kọ́kọ́ dé. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi, tí wọ́n ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní irọ́ ni, Mákánjúọlá, bàbá ńlá tiwa, ni.

"Ràhmát, bí o bá fi Mákánjúọlá ṣáájú," Bàbá Yísà kìlọ̀, "gbogbo agboolé wa ló máa dìde lọ."

"Bí o bá sì fi Ọdúnjọ ṣáájú," ni ìyá àgbà fèsì, "má jẹ ẹja mi mọ́ láé."

Ti ẹja yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú ara wọn.

"Ọdúnjọ ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí," ni Bàbá Yísà wí. "Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fa ọkọ̀ gòkè."

"Mákánjúọlá ló darí ọkọ̀ wá," ni ìyá àgbà wí. "Ìdí ọkọ̀ ló jókòó sí títí tó fi gúnlẹ̀."

Mo rò ó wò. Lọ́dọ̀ wa, àgbà ní ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ láti darí rẹ̀. Àbúrò ní ń wà níwájú, òun ní í bẹ́ sínú omi láti fa ọkọ̀ gòkè. Àgbà á wá sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ gbígbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n bá wá?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Yísà wí. "Ṣùgbọ́n Ọdúnjọ ni ẹ̀gbọ́n!"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n wo ní í bẹ́ sínú ẹrẹ̀, tí àbúrò á fìdí kalẹ̀ lẹ́yìn? Yísà, mú ọ̀kan: ṣé ẹ̀gbọ́n ni, àbí ẹni tó kọ́kọ́ dé?"

"Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀, kí n fi hàn yín!"

Bàbá Yísà sáré gba ìdí ọkọ̀. Ìyá àgbà rọra jókòó síwájú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ nìyẹn."

Kíá ni Bàbá Yísà dìde. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ bọ́ sẹ́yìn!" Ọkọ̀ mì tìtì bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ àyè. Wọ́n tu ọkọ̀ lọ díẹ̀, wọ́n ṣẹ́rí padà. Bí wọ́n ṣe dé èbúté, Bàbá Yísà fò sílẹ̀, ẹrẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún.

"Mo ti dé!" ni wọ́n pariwo, wọ́n sì fa ọkọ̀ gòkè.

Ìyá àgbà ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ. "O ṣeun, àbúrò mi."

Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Bàbá Yísà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dìde. Mo ní Mákánjúọlá darí ọkọ̀, Ọdúnjọ fà á gòkè. Ká ní ọ̀kan kò sí níbẹ̀ ni, èkejì ì bá ṣì wà lórí ọ̀sà dòní. Agboolé méjèèjì pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò dìde lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ẹja mi ni Bàbá Yísà wúkọ́.

"Ìtàn náà dára o. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọkọ̀?"

Ìyá àgbà rọra fa àwo ẹja kúrò níwájú Bàbá Yísà.