Félicité Nídìí Ẹ̀rọ Ìyígi

Ẹ gbọ́ ná, nígbà tí mò ń wí yìí, lọ́dún 1964, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ ẹ̀rọ Zéphirin gbẹ́nàgbẹ́nà ní àdúgbò wọn nísàlẹ̀ òkè ní Dassa. Kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́, láti àárọ̀. Ẹ̀rọ ìyígi ni o. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi á máa yí bìrìbìrì láàárín irin méjì, oníṣẹ́ á wá gbé irin ẹlẹ́nu mímú tì í, igi tó rí págunpàgun á di roboto. Félicité ìyàwó rẹ̀ á máa rokà níta, ọmọorógùn rẹ̀ á máa tẹ̀lé ìró ẹ̀rọ náà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ ọ́ fún ẹnì kejì.

Ikú wá mú Zéphirin lọ nígbà ọyẹ́. Ilé pa rọ́rọ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Eustache, ẹ̀gbọ́n olóògbé, dé láti Paouignan. Lọ́dọ̀ tiwọn, irinṣẹ́ ọkùnrin tó kú, ẹ̀gbọ́n àtàbúrò rẹ̀ ló ni ín.

"Ìyàwó wa, mo wá gbé ẹ̀rọ àbúrò mi."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Kó máa ṣe kí ni? Kí adìẹ máa sùn lé e?"

Félicité ò mọ ìgbà tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Èmi ni màá máa lò ó!"

Eustache rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ? Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà kẹta. Tó o bá yí ẹsẹ̀ àga kan péré tó ṣeé jókòó lé, ẹ̀rọ di tìẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo gbé e lọ nìyẹn."

Ló bá sáré lọ bá Bàbá Grégoire, ẹni tó kọ́ Zéphirin níṣẹ́. Ojú bàbá náà ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀, háà! Wọ́n mú un wá, wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Félicité di irin mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbàgà! Igi fò kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ fọ́ ìkòkò.

"Félicité, kí lò ń gbìn?"

"Ẹ̀n, Bàbá?"

"Mo ní kí lò ń gbìn! Ṣé iṣu ni àbí àgbàdo? Ọkọ́ lò ń fà yẹn!"

Òótọ́ ni. Abúlé Kèrè ni wọ́n ti bí i, inú oko bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ ju kó bẹ̀rẹ̀ kó máa fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lọ.

"Má fà á. Jẹ́ kí igi wá bá irin."

Wọ́n ń wí, ọwọ́ ò gbọ́. Igi márùn-ún ló bàjẹ́. Marguerite tó ń gbé lódìkejì á yọjú: "Félicité, igi ìdáná rẹ ti pọ̀ o, tà díẹ̀ fún wa!"

Nígbà tí ọjọ́ ọjà kẹta ku ọ̀la, lọ́sàn-án, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó ìtẹ̀ náà láìtíì mú irin. Ibi tí ẹsẹ̀ Zéphirin ti jẹ pákó náà wọnú, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ́ sí. Ló bá rántí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ojú kọ́ o, ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn ló ń rí láti ìdí àdògán tó ti ń rokà. Zéphirin kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa ń nàró ṣánṣán bí ẹni tó ń gbọ́ Ìhìnrere lọ́jọ́ Sunday, á fi ìdí irin ti ìbàdí, gbogbo ara rẹ̀ á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Félicité nàró. Ó fi irin ti ìbàdí. Ohun tó ń jáde lára igi bẹ̀rẹ̀ sí í wé bí ìwo àgbò.

Félicité wẹ̀yìn wo Bàbá Grégoire. Bàbá ń nu ojú.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Eruku igi ni. Máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Nígbà tí Eustache dé, ó gbé ẹsẹ̀ àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Zéphirin ṣe kẹ́yìn. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Kò jọ ti àbúrò mi. Ọrùn rẹ̀ ti nípọn jù."

Bàbá Grégoire na ọwọ́, ó fọwọ́ pa méjèèjì.

"Eustache, ṣé o ní kó jọ ti Zéphirin ni, àbí o ní kó ṣeé jókòó lé?"

Eustache kàn án mọ́ àpótí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ. Ẹ má gbàgbé pé Eustache sanra bí àpò òwú o! Ó jókòó. Ó mi ara sọ́tùn-ún, ó mi ara sósì. Àpótí ò mì. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tuntun náà nísàlẹ̀.

"Àpótí àkọ́kọ́ tí Zéphirin ṣe," ló wí, "ìyá wa ló gbé ṣubú níwájú àlejò. Ìyá yọ ẹsẹ̀ àpótí náà kan, ó fi lé Zéphirin yíká agbo ilé!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Ìyàwó wa, àga méjì wà nílé mi tí ẹsẹ̀ wọn ń mì."

"Ẹ gbé wọn wá, ọkọ mi," ni Félicité wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó lé wọn mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé wọn dé o."