Òkúta Tó Ń Yí Jẹ́ẹ́jẹ́

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni Ìyá Ìbejì wí, ó sì rọra ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sún mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lórí tábìlì. "Òkúta yìí kò yí ní wákàtí mẹ́sàn-án o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò, títí ó fi sú mi."

Dókítà wọ awò ojú rẹ̀. Ìlà kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélógójì kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta la ti ń ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó kù a gbà á lọ́wọ́ wa."

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń pe obìnrin yìí ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan aláìsàn rí. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ló kà dójú àmì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń wo àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po láàárín ọ̀nà Máàsì àti ti Júpítà, níbi tí wọ́n pọ̀ sí ju kí ènìyàn kà wọ́n tán lọ. Òkúta wọ̀nyí kò rí roboto. Bí ìgbà tí ènìyàn ń yí ọ̀dùnkún lọ́wọ́ nínú oòrùn ni: bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn bá kọjú síni, ìmọ́lẹ̀ a pọ̀, bí ṣóńṣó rẹ̀ bá kọjú síni, ìmọ́lẹ̀ a dín. Ẹni tó bá ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín ni yóò mọ iye àkókò tí òkúta fi ń yí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé lé e lórí ní ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn pé wákàtí mẹ́sàn-án ló ń lò. Ìwé náà ló gbé e dépò. Ó ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì, ìwé yẹn kan náà sì ni wọ́n fi síwájú nínú ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ dè é.

"Ohun tó yà mí lẹ́nu," ni Ìyá Ìbejì wí, "ni pé kò sẹ́ni tó kíyè sí i ṣáájú wa."

"Ẹnì kan kíyè sí i."

"Ta ni?"

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tí baba wọn kú, ẹ̀gbọ́n ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí àbúrò lè kàwé. Ìgbà tí àbúrò kàwé dé ibi iṣẹ́ ìràwọ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: òun ló ń tọ́jú awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, òun ló ń ṣí òrùlé fún un, òun ló ń nu díńgí inú rẹ̀. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń pamọ́ fún un. Bí awò bá wà láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò yí i sí òkúta kan yìí, yóò sì kọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé kan tó ní èèpo búlúù.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó gbé ìwé náà wá sí ìpàdé. Ó ní òkúta tí àbúrò òun kọ̀wé lé lórí kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ ni, bí ogójì ọjọ́. Àwọn ọ̀gá yíjú sí Dókítà. Ìwé rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì tó jáde. Ó ṣí ìwé búlúù náà, ó wo ojú ewé bíi mélòó kan, ó pa á dé.

"Díńgí tí ẹ kò nù dáadáa ló ń tàn yín jẹ," ló wí. "Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń wàásù."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fún un ní kúérì pé kò tọ́jú díńgí ìjọba. Kò dáhùn kúérì náà. Ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lé orí àga, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọ̀sán, Dókítà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe awò ojú. Wọ́n ń rí ara wọn níbi òkú àti ìgbéyàwó, wọn a kíra wọn, ó parí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Háà! Òpéléńgé mi!" ló pariwo. Orúkọ tó fi ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ òpéléńgé ti kúrò lára Dókítà. "Afẹ́fẹ́ wo ló gbé yín wá?"

"Afẹ́fẹ́ ìtìjú ni, ìyàwó wa."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ gíláàsì, irun rẹ̀ ti funfun láú. Kò dìde.

"Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Àbúrò. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o." Ó kúnlẹ̀, ó rò pé yóò ní kí òun dìde. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, òkúta yẹn. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Ẹ̀gbọ́n pa ẹ̀rọ. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Ogójì ni mo pè é." Ó rò ó díẹ̀. "Mo fi ọjọ́ kan ṣìnà."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìwé búlúù yẹn ni mo wá gbà. Bí a bá fi hàn wọ́n, orúkọ yín ni yóò ṣáájú. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i."

Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Ìwé náà ti tán. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, n kò ní páálí tí mo lè fi di awò fún oníbàárà. Mò ń ya á lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó dáa ni, kì í ha gíláàsì."

Dókítà kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá àwọn ènìyàn lọ sílé, wọ́n tú u, wọ́n sì sọ ọ́ sí ààtàn.

"Ẹ bá mi wá sí ìpàdé lọ́jọ́ Ajé, kí n tọrọ àforíjì níbi tí mo ti ṣẹ̀ yín."

"Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mélòó ló ṣẹ́kù níbẹ̀?"

"Èmi nìkan."

"Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ. Ìbá sàn ká ní o rẹ́rìn-ín, ǹ bá sọ pé àwàdà lo ń ṣe." Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. "Dìde nílẹ̀, orúnkún rẹ kò le mọ́."

Ìyá Ìbejì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn á kọ ìwé tuntun, àwọn á sọ pé àṣìṣe wà nínú ti àtijọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi ẹnì kan léèrè. Òótọ́ ni. Kò sí ìwé búlúù mọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí Dókítà bá pa ẹnu mọ́, yóò gba ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì rẹ̀, yóò sì lọ sílé pẹ̀lú iyì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dìde nínú ìpàdé. Ó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí fún wọn, ó sì sọ èsì tí òun fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Díńgí náà mọ́ tónítóní," ló wí. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí ẹ yọ kúérì yẹn kúrò nínú fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìwé mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìyìn yín."

Ọ̀gá àgbà, ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, họ orí. "Mà, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rí wo la fẹ́ fi tì í lẹ́yìn?"

"Èmi ni ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣọ́ òkúta náà, mo fi ojú ara mi rí i nínú ìwé rẹ̀. N óò kọ ọ́, n óò sì fọwọ́ sí i."

Ó kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ náà gan-an. Kó tó fi ránṣẹ́, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó sún mọ́ fèrèsé, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ìka tẹ ìlà kan.

"Oṣù mẹ́ta lo kọ síbí. Oṣù mẹ́rin ni. Àwọn ọjọ́ tó dájú jù, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n wà."

Dókítà wo ìka náà.

"Ìwọ kò ṣí i dé ẹ̀yìn," ni ẹ̀gbọ́n wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú.

Dókítà lè sọ pé òun gbàgbé ni; ọdún mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan.

"N kò ṣí i dé ẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá mi. Ojú ewé mẹ́ta péré ni mo wò."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ó dá lẹ́tà náà padà fún un, ó tan ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Dókítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó yọ bíírò, ó fa igi lé oṣù mẹ́ta, ó kọ mẹ́rin sórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ pé ojú ewé mẹ́ta péré ni òun wò.