Màámi lábẹ́ igi aṣálẹ̀

Ràfíù, ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá lóru àná kò yé mi. Mo wà ní aṣálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mò ń ya fọ́tò igi ẹlẹ́gùn-ún kan. Màámi tó ti kú jáde lẹ́yìn igi náà. O mọ̀ pé n kò ní fọ́tò wọn kankan, torí wọn kì í gbà kí n yà wọ́n láìwé gèlè, wọ́n sì máa ń ní ó di ọjọ́ mìíràn. Lójú àlá, wọ́n ti wé e.

"Ó yá, yà mí."

"Oòrùn le jù, Màámi. Ẹ jẹ́ kó rọ̀."

"Ṣé oòrùn ló bí ẹ ni?"

Mo kọjú kámẹ́rà sí òkè, mo kọ́kọ́ ya oòrùn náà ná. Nígbà tí mo yíjú padà, igi nìkan ló kù.

Mo jí, mo kírun àsùbáà, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí n rí wọn. Omijé kò wá. Gèlè yẹn nìkan ni mo ṣì ń rí, bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ wé e.