Ẹgbẹ̀fà Kílò

Ẹgbẹ̀fà kílò ni ìwé mọ́tò sọ. Mọ́tò kékeré tí Hillechien Huizing àti Geert ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fa ohun tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ohun náà tilẹ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ahéré àwọ́kiri tí wọ́n rà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní bíréèkì. Orúkọ tí gbogbo abúlé ń pe káráfánì, ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà, nìyẹn. Ẹni tí kò ní in a máa fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ní in a sì máa fi yangàn.

Ọgbọ̀n ọdún ni Hillechien fi wo ahéré àwọn ẹlòmíràn tó ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Faransé lóṣù Keje. Geert kì í fẹ́. Yàrá kan náà létí adágún kan náà, tí kò jìnnà sílé, níbi tí wọ́n ti ń lo ìsinmi lọ́dọọdún, ti tó o. Nígbà tó gbà níkẹyìn, àdéhùn ló fi gbà: bí òṣùwọ̀n bá fi lè lé ní ẹgbẹ̀fà, ahéré náà yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó lù. Bí kò bá lé, wọn yóò ti ibi òṣùwọ̀n gba ọ̀nà Faransé lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.

Hillechien kò bẹ̀rù. Ó ti fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn gbogbo ohun tó wọ inú ahéré, títí kan ṣíbí, ó sì kọ wọ́n sínú ìwé. Ó da omi inú táńkì nù, nítorí lítà omi kan, kílò kan ni. Àròpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ahéré fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀fà ó dín méjìlélógún. Òun ló wa mọ́tò dé ibi òṣùwọ̀n ńlá tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wọn pòtétò. Ìrìn kílómítà méjì ni, ó sì ń wo ahéré náà nínú dígí ní gbogbo ọ̀nà bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lammert Eising, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n, jáde sí wọn.

"Geert, ìwọ náà? Mo rò pé o ní ìgbín nìkan ló yẹ kó máa gbé ilé rìn."

"Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ bi."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Eising," ni Hillechien wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọ̀n ọ́n kíá."

Wọ́n tú ahéré náà kúrò lára mọ́tò, wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Nọ́ńbà yọ lójú fèrèsé ọ́fíìsì Eising: ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Hillechien tún un kà. Kò yí padà.

"Ṣé òṣùwọ̀n yín péye?"

"Ìyáàfin, òun la fi ń parí ìjà àwọn àgbẹ̀ níbí. Kì í purọ́."

Hillechien ṣí ìwé rẹ̀. Kílò méjìdínláàádọ́ta ni kò mọ ibi tó ti wá. Ó wo Geert. Ó rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n bàtà ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò. Hillechien wọ inú ahéré, ó sì gbé pákó ibùsùn sókè. Àpò pòtétò méjì wà níbẹ̀, ogún kílò lọ́kọ̀ọ̀kan, àti páálí kan tó kún fún kọfí àti ẹ̀pà lílọ̀.

"Geert."

"Mo ń gbọ́."

"O fẹ́ ká dá a padà."

"Rárá o."

"Kí wá nìyí?"

"Pòtétò ni."

"Mo rí i pé pòtétò ni."

"Hille, tiwọn lọ́hùn-ún kò dáa. Bí ọṣẹ ló ń rí lẹ́nu. Berend aládùúgbò wa ló sọ fún mi."

"Berend kò dé Faransé rí."

"Àbúrò rẹ̀ débẹ̀."

Eising rọra yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọn pòtétò. Èyí ni àkọ́kọ́ tí yóò wá sun orí bẹ́ẹ̀dì."

Hillechien kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣírò. "Kílò kan là ń jẹ lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta là ń lọ. Kílò mọ́kànlélógún nìyẹn. Kí ni ìyókù wà fún?"

Geert fọwọ́ ra ọrùn. "Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì sí i níbi iṣẹ́. Wọ́n fún mi."

"Kílò márùn-ún ṣì kù."

"Bí àlejò bá yà ńkọ́?"

Hillechien jókòó sórí ibùsùn. Ẹni tó di pòtétò ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò lérò àtipadà sétí adágún. Ó wo aago, ó sì dìde.

"Àpò kan. Kọfí kílò méjì. Ìyókù ń sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ó ń sọ̀kalẹ̀."

Geert gbé àpò kan àti ìyókù inú páálí jáde, ó sì fẹ́ ti àpò tó kù síwájú.

"Àárín, lókè táyà," ni Hillechien wí. "Bí iwájú bá wúwo jù, ìdí mọ́tò á tẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ahéré á máa jùrù lójú títì."

Ó bọ́ sílẹ̀ láti lọ wo nọ́ńbà. Ẹgbẹ̀fà ó lé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Eising na ìka sí ẹnu ọ̀nà ahéré, níbi tí Geert dúró sí, tó di ìgò ẹ̀pà kan mú.

"Sọ̀kalẹ̀, Geert. Ìwọ kò sí nínú ìwé."

Geert sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìgò. Nọ́ńbà náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì dúró: ẹgbẹ̀fà géérégé.

"Àdéhùn wa ni pé bó bá lé," ni Hillechien wí.

"Kò lé," ni Geert dáhùn.

Wọ́n gbé àpò tó sọ̀kalẹ̀ síwájú Eising. "Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀," ni Geert wí.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Yóò hù."

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà."

Ní oríta, apá òsì ni ilé ẹni tó ta ahéré. Hillechien yà sọ́tùn-ún.