Garawa Abẹ́ Tábìlì

Ohun tí ó kọ́kọ́ rí mi lára nínú gígun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ni ara èmi fúnra mi. Dókítà ni ó pàṣẹ pé kí n pa ọkọ̀ mi tì, kí n máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi kò sì jẹ́ rú òfin dókítà. Ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn ẹ̀wù mi yóò ti lẹ̀ mọ́ mi lára bí ìwé tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ògiri, òógùn yóò máa kán láti àgbọ̀n mi, táyà iwájú yóò sì ti ta ẹrẹ̀ tí àwọn ajá ti tọ̀ sí mọ́ mi lójúgun. Kí n tó kí ẹnikẹ́ni káàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń fi ọṣẹ wẹ̀.

Èmi ni alábòójútó ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìka mi ni mo fi ń nu abẹ́ ibùsùn, òkè fèrèsé àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. Bí ó bá dúdú, agbálẹ̀ tí ó ni yàrá náà yóò tún un gbá. Ìṣe kì í sì í fi oníṣe sílẹ̀: bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe nílé. Ìyàwó mi ń fara dà á nítorí pé n kì í sí nílé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì, ó pè mí jókòó.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́ mi yé o. Tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, tí ẹ ò ní ibi tí ẹ ń lọ, tó jẹ́ pé ìdí ìkòkò mi lẹ ó máa fìka nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ilé àkọ́bí wa ni n ó kó lọ. Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

Mo mọ ìyàwó mi. Bí ó bá pariwo, kò sí ewu. Bí ó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán nínú ọkàn.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní oríṣiríṣi nǹkan. Kíláàsì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ọkùnrin tí ó dúró tì mí kò lè gbé ohùn sókè láìfi itọ́ wọ́n mi ní etí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo mú ìbomú wá fún un, inú bí i, wọ́n sì ní kí n má wá mọ́. Mo bọ́ sí ti ìlúwẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí báńdéèjì kan tí ó léfòó lójú omi, tí àárín rẹ̀ ṣì pupa. Mo já fèrè gbà lọ́rùn olùkọ́, mo fọn ọ́n, mo sì pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde kíákíá. Wọ́n jáde lóòótọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò padà wọ inú omi, èmi nìkan ni wọn kò gbà láàyè.

Amọ̀ mímọ nìkan ni ó wá kù. Amọ̀! Ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá ilẹ̀, ṣé ilẹ̀ náà ni yóò tún jókòó tì, tí yóò máa fi ọwọ́ pò?

Màmá ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ amọ̀, arúgbó tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ìdí èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú. Bí mo ti rí èékánná wọ̀nyẹn ni ara mi bù máṣọ. Mo fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ nínú àpò, mo wọ̀ ọ́.

"Bọ́ ọ," ni ó wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Màmá, ọwọ́ mi kì í…"

"Amọ̀ ò gbédè rọ́bà. Bọ́ ọ."

Mo bọ́ ọ. Àwa mẹ́ta péré ni akẹ́kọ̀ọ́: èmi, onígbàjámọ̀ kan tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹnu dákẹ́, àti obìnrin aránṣọ kan tí ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu imú. Amọ̀ náà tutù, ó ń yọ̀, ó sì ń rá wọ àárín ìka mi bí ohun ẹlẹ́mìí. Síbẹ̀, eléyìí kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa tí ó wà lábẹ́ tábìlì.

Inú garawa náà ni gbogbo wa ti ń ṣan ọwọ́. Inú rẹ̀ ni a ń sọ ìkòkò tí ó bá dojú rú lọ́wọ́ ẹni sí, inú rẹ̀ ni a ń da gbogbo omi ìdọ̀tí sí; bí onígbàjámọ̀ bá sì sín, n kò lè búra pé ohunkóhun kò kán sí i. Omi ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ki. Ohun funfun bí òwú hù yí etí rẹ̀ ká. Òórùn ẹyin tí ó bàjẹ́ ni ó ń tú jáde. Bí kíláàsì bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá yóò ki apá bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, yóò bu amọ̀ tí ó ti jókòó síbẹ̀ jáde, yóò sì pín in fún wa pé kí a pò ó mọ́ tuntun.

"Ìgbà wo ni a máa ń dà á nù?" ni mo bi í.

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dà á kí ni? Ọ̀gá, garawa yẹn dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ o!"

"Ọdún mọ́kànlá," ni Màmá wí, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà sí abẹ́ tábìlì, bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ sùn.

Mo ti rí agbálẹ̀ tí ó bẹ̀bẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. N kò rí èyí tí ó fi ìdọ̀tí yangàn rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mú un mọ́ra nítorí ìyàwó mi. Mo ń gbọ́ òórùn náà lórí ìka mi nílé. Ṣíbí ni mo fi ń jẹ ohun gbogbo, kí ọwọ́ mi má baà súnmọ́ ẹnu mi. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rò ó pé ohun tí ó ń dí mi lọ́wọ́ kò ju garawa kan lọ. Bí ó bá mọ́, n ó lè dúró. Mo so búrọ́ọ̀ṣì àti ìgò apakòkòrò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì dé gbọ̀ngàn náà ní wákàtí kan ṣáájú àwọn yòókù.

Mo wọ́ garawa náà lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sì dojú rẹ̀ dé sínú gọ́tà. Bí ó ti ń tú jáde ni ó ń dún bí ọ̀fun ẹni tí ń bì. Mo fọ garawa náà nígbà mẹ́ta, mo da omi apakòkòrò sí ihò ilé ìwẹ̀, mo sì fi ìka nu inú rẹ̀ wò. Ìka mi mọ́ tónítóní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn níbẹ̀.

Nígbà tí Màmá àti àwọn yòókù dé, Màmá na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì láìwò ó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ìdí garawa gbígbẹ.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Màmá. Mo tún fi apakòkòrò fọ̀ ọ́."

Aránṣọ gbá ọwọ́ mọ́ra. "Yéè! Bọ̀dá, kí lẹ ṣe yìí? Òun ni kì í jẹ́ kí ìkòkò wa sán nínú iná! Amọ̀ tuntun ò ní ìfà kankan. Èyí tó ti rà ló ń mú un fà!"

"Mo gbọ́ pé ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ẹni tó da amọ̀ sí gọ́tà ńkọ́?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlá," ni ó wí. "Ọwọ́ gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbí ló wà nínú rẹ̀. Àwọn míì ti kú."

Èyí tilẹ̀ tún rí mi lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣe ohun tí ọṣẹ kò lè fọ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. N ó wá garawa mìíràn…"

"Ṣé garawa ni mò ń wá ni? Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ."

Mo jáde. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo rántí pé kò sí kíláàsì kẹrin. Oṣù méjì péré ni ó kù. Mo rí ìyàwó mi lójú inú mi, tí ó ń ká aṣọ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, láìpariwo. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo sì yí lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Òjò kò rọ̀, nítorí náà amọ̀ náà ṣì jókòó sí ìsàlẹ̀ gọ́tà, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Òkú eku kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ìnudìí tí ó ti rin sì lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Mo béèrè fún ṣọ́bìrì.

Màmá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yòókù sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣọ́bìrì á kó ẹ̀gbin pọ̀ mọ́ ọn. Ìka ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo kúnlẹ̀, mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun kan tí ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀ gba orí ọrùn ọwọ́ mi kọjá. Èébì gbé mi, mo gbé e mì; ó tún gbé mi, n kò lè gbé e mì mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!" ni onígbàjámọ̀ kígbe. "A ò fi ìyẹn kún un o!"

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà mo tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òótọ́ ni arúgbó náà sọ: ẹ̀gbin gọ́tà ní iyanrìn nínú, ó ń ha ọwọ́, amọ̀ kò ha, ó kàn ń yọ̀ ni, bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn. Mo ń ṣà á, mo ń jù ú sínú garawa tí wọ́n gbé jáde fún mi, omi ń dà lójú mi. N kò mọ̀ bóyá wákàtí kan ni tàbí méjì. Ìdajì garawa ni mo rí kó.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka mú díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi sí orí ahọ́n. Mo di ojú mi.

"Kò tíì kú," ni ó wí. "Ìwọ ni wàá máa bù ú jáde láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ti ń nira fún mi láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo dáhùn.

Ìyàwó mi ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó fi ìgbátí aṣọ bo imú, ó sì fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé padà.

"Bàbá wọn! Inú kí lẹ kó sí?"

"Kíláàsì ni."

"Wọ́n tún ti lé yín àbí?"

"Wọn kò lé mi. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tí ó ti gbẹ mọ́ mi lápá, ó wo ohun tí ó wà lẹ́nu ẹ̀wù mi. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú aṣọ kúrò ní imú.

"Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé," ni ó wí. "Ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé mi o."

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Òórùn náà sì ń tẹ̀ lé mi.