Ife Kẹrin

Nígbà tí káfíńtà gbé ìgò bíà rẹ̀ méjì wọ yàrá ìgbàlejò Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án Sátidé yẹn, àyà rẹ̀ ń já bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Kò jí nǹkan kan. Imú rẹ̀ ló kú. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìyàwó rẹ̀ àti dókítà. Ọ̀fìnkìn dé, ọ̀fìnkìn lọ, ó sì gbé gbogbo òórùn ayé lọ. Ìrẹsì jóná di èédú lórí iná, káfíńtà jókòó tì í, ó ń ka ìwé ìròyìn. Dókítà ní ó lè padà lóṣù kan, ó sì lè má padà mọ́.

Àwọn márùn-ún, káfíńtà, télọ̀, onígbàjámọ̀, tíṣà àti Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, ló ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn pọn bíà nílé. Kálukú á gbé ìgò méjì wá, pípọn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, á ki ìgò kọ̀ọ̀kan bọ inú ìbọ̀sẹ̀ ní kíṣìnì kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni ín, á wá bù ú sínú ife tánńganran fún wọn. Gbogbo wọn á kọjú sí ògiri, kí ojú ẹnì kan má baà kọ́ ẹlòmíràn lóhun tó máa sọ. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dákẹ́ títí káfíńtà á fi sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tó ti ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ahọ́n. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: ẹni tó bá mọ bíà tirẹ̀ tó sì yìn ín, kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́.

Tí orúkọ Ahọ́n bá bọ́, télọ̀ ló máa gbé e. Ohun tó ń ba káfíńtà lẹ́rù nìyẹn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, télọ̀ sọ lójú gbogbo wọn pé bíà káfíńtà ń rùn bí ajá tí òjò pa. Láti ọjọ́ náà káfíńtà ò bá a sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún un, Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì ló máa ń rán.

"Ahọ́n, o dákẹ́ lónìí," onígbàjámọ̀ sọ. "Àbí ìyàwó lé ẹ síta?"

"Mò ń tọ́jú ẹnu mi de iṣẹ́ ni."

"Kó tọ́jú ẹ̀ dáadáa o," télọ̀ dá sí i. "Tó bá sọnù, kí la ó wá máa pè é?"

"Mọ̀mí, ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

"Ó ti gbọ́," Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ kọjú sí ògiri."

Ẹni tí imú rẹ̀ kú ṣì mọ kíkorò, ó mọ dídùn, ó mọ kíkan. Ìyẹn nìkan ni káfíńtà gbójú lé. Ó ní ife kìíní korò jù, wọ́n se ewé tó ń mú un korò pẹ́ jù. Wọ́n gbà. Ó ní kíkan ti wọ ìkejì, ẹni tó ni ín kò fọ ìgò dáadáa. Onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹta, kò rí ohunkóhun dì mú. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná," ló sọ, tíṣà sì mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n ńlá.

Ife kẹrin lọ geere lọ́fun rẹ̀. Kíkorò rẹ̀ dúró síbi tó fẹ́ kó dúró gẹ́lẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

"Èyí ló dáa jù lónìí," ó sọ fún ògiri. "Ó mọ́. Kò lálèébù kankan."

Ẹnì kan wúkọ́. Nígbà tó yíjú padà, Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì ti fi áńkáṣíìfù bo imú, tíṣà sì ti gbé ife tirẹ̀ sójú fèrèsé.

"Ahọ́n," onígbàjámọ̀ rọra sọ, "fáníìṣì ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀. Bí àga tuntun ló ṣe ń rùn."

Télọ̀ ti dé kíṣìnì. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kúrò lára ìgò kẹrin, ó sì gbé e wá. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Káfíńtà nìkan ló ń lo irú rẹ̀.

Káfíńtà wá rántí. Ṣọ́ọ̀bù ló gbé kẹ́ẹ̀gì bíà náà sí, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kun àga mẹ́jọ ní fáníìṣì. Ọmọdé tó bá nímú á ti mọ̀.

"Bíà tó ń rùn báyìí," télọ̀ ní, "ta ló máa yìn ín bí kò ṣe ẹni tó mọ̀ pé tòun ni? Mọ̀mí, ẹ rántí òfin."

Tí káfíńtà bá dákẹ́, ojú oníjìbìtì ni wọ́n máa fi wò ó jáde. Tó bá sọ̀rọ̀, Ahọ́n ti tán.

"Mọ̀mí, ẹ sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé tèmi ni. Mi ò gbóòórùn mọ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún."

"Irọ́," télọ̀ ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yọ, ó sì nà án sábẹ́ imú káfíńtà. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì yàrá fọwọ́ bojú. Káfíńtà ò mira. Ó kàn ń wo télọ̀ láti òkè ìbọ̀sẹ̀.

Télọ̀ dúró títí. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Kò gbọ́ ọ," ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín. "Láti Ọjọ́rú ni mo ti wọ̀ ọ́."

"Ta ló máa wá sọ̀rọ̀ ṣáájú báyìí?" tíṣà béèrè.

Káfíńtà wolẹ̀. Ife mẹ́fà ló kù, bíà rẹ̀ kejì sì wà nínú wọn.

Télọ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà. "Ahọ́n ò kú," ó ní. "Kíkan tó gbọ́ nínú ìkejì, èmi ò gbọ́ ọ. Mọ̀mí, ẹ sọ fún un kó máa tọ́ ọ wò, èmi á máa gbóòórùn. Títí imú ẹ̀ á fi padà."

"Tí ò bá padà ńkọ́?"

Káfíńtà ló béèrè, wọn ò mọ ẹni tó ń bi. Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì gbé ife karùn-ún wá, wọ́n kọjú sí ògiri. Télọ̀ wá dúró ti káfíńtà, ó fi imú sí ife.

"Búrẹ́dì gbígbóná," ó sọ jẹ́jẹ́. "Èèpo ọsàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sórí eruku."

Káfíńtà mu. Ó wá búrẹ́dì, ó wá ọsàn, ó wá eruku. Kíkorò ló bá, àti adùn kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún mu. Ó dùn ún pé ọkùnrin yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ tó báyìí.

"Tún un sọ," ó sọ fún télọ̀ tààrà.