Abẹ́rẹ́ Ọmọ Òòjọ́

Ife mi ni ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi òwú pupa so ṣíbí mi nídìí, bí ẹni ń sàmì sí adìẹ. Oyún oṣù méje ń bẹ nínú mi, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ tí mò ń ṣe ló ń bọ́ ìdajì ilé yẹn, síbẹ̀ mo dẹni tí wọ́n ń fi omi gbígbóná ṣan àga tó bá jókòó lé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún mi nílé ìwòsàn aláboyún ló fà á. Wọ́n bá kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ò fi bò fún mi rárá.

"Ó lè ran ọmọ inú yín, pàápàá nígbà ìbí. Tó bá ràn án, ó lè má kúrò lára rẹ̀ títí ayé. Àmọ́ tí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ méjì ní gbàrà tó bá ti dáyé, a lè gbà á sílẹ̀. Kì í ti inú ife ran èèyàn o. Ẹ kó ará ilé yín wá fún àyẹ̀wò."

Mo délé, mo rò ó bó ṣe jẹ́. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

"Ẹni tó ń fá orí ọkùnrin látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Lọ́wọ́ ta lo ti kó o?"

"Ẹ ò bi ọmọ yín bóyá lọ́wọ́ tiẹ̀ ni, Màmá?"

"Ọmọ tèmi? Ẹ̀jẹ̀ wa mọ́! Kò sì sẹ́ni tó máa gún ọmọ òòjọ́ lábẹ́rẹ́ lójú mi. Màá gbé e sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ni."

Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ife ni wọ́n ń sá fún, abẹ́rẹ́ tó máa gba ọmọ mi là ni wọ́n fẹ́ dènà. Inú bí mi.

Mo ní tó bá dá wọn lójú pé ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́, kí wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbéraga ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí èsì jáde, ọkọ mi ní in, ìyá rẹ̀ náà ní in.

"Òun ló kó o ràn wá!" Ìyá ọkọ mi nàka sí mi lójú gbogbo èrò.

Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá àrùn ẹ̀dọ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rí. Ọkọ mi ló lanu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí Màmá. Ojú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ikùn ẹ̀ wú títí ó fi kú. Mi ò tíì mọ ìyàwó mi nígbà yẹn."

Ta ni ò mọ ìtàn yẹn? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n ní ó fún un ní májèlé jẹ. Ìyá ọkọ mi ló da ẹrù rẹ̀ síta kí erùpẹ̀ ojú oórì tó gbẹ.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lára yín ni àwọn ọmọ yín ti kó o nígbà tí ẹ bí wọn, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin náà lè ti gbà á lára ìyá tó bí yín."

Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi bímọ. Ọwọ́ wọn lọmọ wà nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ méjì wọlé. Mo fi ìgúnpá gbé ara mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti múra tán láti ya aṣọ mọ́ wọn lọ́rùn.

Àwọn fúnra wọn ló tú ìtan ọmọ síta.

"Gún un," ni wọ́n wí. Ọmọ figbe ta. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọn ò sì gbójú sókè títí nọ́ọ̀sì fi gún ìtan kejì.

"Ìyàwó àkọ́bí mi," ni wọ́n sọ fún mi, "ṣé o mọ ibi tó ń gbé?"

Mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ wá a fúnra yín," ni mo dáhùn, mo sì na ọwọ́ gba ọmọ mi.